Ohun tí ojú mi rí kí jẹ́ẹ̀tì ogun tó ti fẹ̀yìn tì tó padà fò

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ló gbà wá kí L-39 wa, jẹ́ẹ̀tì ogun kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbéra nílẹ̀. Oṣù mẹ́wàá la dá fún un. Mo ń kọ èyí nítorí pé èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí láàárín ọdún kan yìí, tí wọ́n ní àwọn ti rí jẹ́ẹ̀tì ogun kan tí wọ́n fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú, pé kí n wá bá àwọn wò ó. Ohun tó yẹ kí n sọ fún wọn kò ṣeé sọ tán lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pàápàá ibi tí a ti ṣe àṣìṣe, torí àwọn àṣìṣe yẹn ló gba ọdún àti owó lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ òfurufú akérò ni mo ṣe fún ọdún 19. Mo gbà nígbà náà pé mo mọ ọkọ̀ òfurufú. L-39 náà kì í ṣe èyí tó le jù láàárín àwọn jẹ́ẹ̀tì ogun. Aero Vodochody ní Czechoslovakia ló ṣe é, ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, wọ́n sì ṣe ju 2,800 lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ fún kíkọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọn yóò ṣe máa wa jẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, AI-25TL, kò sì ní afterburner, ẹ̀rọ tó ń tún epo jó lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kí agbára lè pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ aládàáni tó ń ra jẹ́ẹ̀tì ogun, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. A gbọ́ pé ó rọrùn láti wà, a sì gbà pé ohun tó rọrùn láti wà kò ní ṣòro láti jí dìde.

Àwa mẹ́rin la dáwó jọ. Ọkọ̀ náà ti dúró fún ọdún 11 lẹ́yìn tí àwọn ológun tó ni ín yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan la lọ wò ó. Wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Ẹni tó ń tà á tan iná inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ géèjì gbogbo dìde, mo sì rí i tí ojú ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ páílọ́ọ̀tì yí padà bí ojú ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Mo mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré dání. Mo yẹ abẹ́ ìyẹ́ wò, mo yẹ ihò tí ẹsẹ̀ ń ká wọ̀ wò, n kò rí ibi kankan tó dógùn-ún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti sanwó.

Ìwé rẹ̀ ni n kò yẹ̀ wò. Àpótí méjì ló kún fún un, lédè Rọ́ṣíà, mo sì ní n ó kà á tí a bá gbé e délé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Nínú ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ṣe ní ìlà-oòrùn Yúróòpù láyé Soviet, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó ṣe pàtàkì ló ní ìwé kékeré tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pasport. Pọ́ǹpù epo ní tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀yà náà wà, wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ìgbà tí wọ́n tú u palẹ̀ kẹ́yìn, àti iye ọdún tó kù fún un. Ọjọ́ orí ń pa ẹ̀yà ọkọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń pa á. Pọ́ǹpù tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é lè ti parí lórí ìwé, nítorí pé rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó níbi tó jókòó sí.

Nígbà tí mo wá jókòó ti àpótí méjèèjì pẹ̀lú ẹnì kan tó gbọ́ Rọ́ṣíà, ẹ̀yà 14 la bá tí nọ́ńbà ara wọn kò bá ti inú ìwé mu. Ẹnì kan ti tú ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì fi ti ọkọ̀ mìíràn dí àyè rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀yà náà dára, àmọ́ ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà? Àwọn aláṣẹ tó ń fúnni níwèé ìfò kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀yà tí kò níwèé, bó ti wù kó dán tó, irin lásán ni. A tún 11 rà nínú wọn. Mẹ́ta yòókù, oṣù mẹ́jọ la fi kọ lẹ́tà síwá sẹ́yìn kí a tó rí ẹ̀dà ìwé wọn gbà. Wákàtí méjì péré ni mo ní láti lò pẹ̀lú àpótí yẹn lọ́jọ́ tí a lọ rà á, mo sì lò ó lábẹ́ ìyẹ́.

Ìyà rọ́bà ló tẹ̀ lé e. L-39 ní àpò rọ́bà márùn-ún nínú ara rẹ̀ tó ń gbé epo, yàtọ̀ sí èyí tó wà ní ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì. Inú epo ni irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ti ń gbádùn. Bí wọ́n bá fa epo rẹ̀ gbẹ láìfi ọ́ìlì pa inú rẹ̀, yóò le, yóò sì sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tó ti ká. Kò sẹ́ni tó pa tiwa lọ́ìlì. A bu epo kún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, a ti ilẹ̀kùn háńgà, a lọ sílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Níta ni òórùn epo ti pàdé mi, ó sì ti ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ṣíwíìṣì iná kí ọpọlọ mi tó sọ̀rọ̀. Mo fà á padà, mo rìn jìnnà, mo pe àwọn panápaná. Títí di òní, bí mo bá dé háńgà, imú mi ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Bí a ṣe ń ṣe é báyìí ni pé a ń bu epo díẹ̀ sí i níta gbangba, a ń gbé páànù sábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan yóò sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn la óò tó fi kún un.

Síìlì haidírọ́líìkì, rọ́bà tó ń dí omi pupa tó ń fi agbára ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́nú, náà hu irú ìwà kan náà, àmọ́ tirẹ̀ tún ní ẹ̀tàn nínú. Nígbà tí a kọ́kọ́ so ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn, kò jò. Inú wa dùn. Rọ́bà tó ti jókòó síbì kan fún ọdún 11 ti gba àwòrán ibẹ̀. Bí kò bá mira, kò ní jò. Ìgbà tí a ká ẹsẹ̀ sókè-sódò bí ìgbà ogún ni omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ibi mẹ́ta. A pààrọ̀ mẹ́ta yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibi mẹ́rin mìíràn. Oṣù márùn-ún la fi ń lé jíjò kiri, tí a ń ṣí pánẹ́ẹ̀lì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí a ń fọ orí síkúrù títí wọ́n fi ń yọ̀. Ẹ má ṣe bíi tiwa. Gbogbo síìlì inú ọkọ̀ náà ni kí ẹ kà pé ó ti kú, kí ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó ń jò àti ibi tí kò jò.

Ẹ sì ṣọ́ géèjì. Kìlógíráàmù lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin ni ti L-39, psi, ìyẹn pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin, ni géèjì tí èmi dàgbà sí. Ọ̀kan nínú ti wọn tó 14.2 nínú tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá ràn wá lọ́wọ́ fẹ́ fún táyà, ó rí nọ́ńbà kékeré nínú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí táyà fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́ fún ìbéèrè yẹn, èmi náà sì dúpẹ́. Bí ẹlòmíràn bá gba ọ̀nà kejì ṣe é, tó fi nọ́ńbà psi fún un lórí géèjì kìlógíráàmù, táyà lè bú gbàù mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ náà gan-an la fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà méjèèjì sára ohun gbogbo tí a ń fún ní agbára.

Èyí tó ń dùn mí jù ló kàn.

Oṣù kẹrìnlá rèé tí a ti ń náwó láìgbọ́ ohunkóhun tó dún. Àwọn tó dáwó ń béèrè, ìyàwó ẹni ń béèrè, èmi gan-an ń bi ara mi. Ìwé sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ nílẹ̀: kí á fọ ọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n fi pa á jáde, kí á fi borescope, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, wo abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí á yọ irin òòfà tó ń kó èérún nínú ọ́ìlì wò, kí á yí i láìtan iná lẹ́ẹ̀mélòó kan. Borescope tí a fẹ́ yá kò tíì dé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Èmi ni mo ní kí á tàn án. Àwọn yòókù wo ojú mi torí èmi ni mẹkáníìkì, mo sì mi orí sí wọn.

Sapphire 5, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn láti yí ńlá, ló kọ́kọ́ ké. Ńlá gbà á. Èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìn háńgà, ọ́ìlì àtijọ́ ló ń jó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi dún. A pariwo, a dì mọ́ra wa, ẹnì kan sunkún.

Borescope dé lọ́jọ́ kẹta. Ara àwọn abẹ̀bẹ̀ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti lu jákujàku bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Mo yọ irin òòfà. Èérún irin ti hù yí i ká bí irun. Ọ̀rinrin ti wọ inú béárìn kan láàárín ọdún tó fi jókòó, ó ti dógùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́rin wa ló sì lọ̀ ọ́, tó fọ́n ẹ̀lọ̀ rẹ̀ káàkiri gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì. Bí a bá ti yọ irin òòfà ká sì fọwọ́ yí i ṣáájú, béárìn yẹn là bá pààrọ̀. Àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ní owó àtúnṣe yóò ju owó òmíràn lọ. A wá òmíràn fún oṣù 13.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ọjọ́ yẹn, etí mi di sí i. Fún bí oṣù kan, n kò lè wo ojú àwọn ẹnìkejì mi.

Lákòókò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Vulcan XH558, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kúrò lọ́wọ́ ọmọ ogun ní 1993, kò sì tún fò mọ́ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2007. Ó lé ní mílíọ̀nù 2.7 pọ́n-ùn tí àjọ Heritage Lottery Fund fi ràn án lọ́wọ́, síbẹ̀ owó náà kò tó. Ẹ́ńjìnnì Olympus rẹ̀ kò ṣeé rí rà mọ́ níbikíbi. Èyí tí wọ́n ní ni èyí tí wọ́n ní. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, àpò silica gel tí wọ́n fi ń fa ọ̀rinrin wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì nígbà tó fẹ́ gbéra. Ẹ́ńjìnnì kan gbé e mì, ohun tó fọ́ níbẹ̀ sì wọ èkejì. Méjì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, kì í ṣe aláìbìkítà. Ọ̀ràn yẹn ni mo fi ṣe òfin fún háńgà wa: ohunkóhun tó bá wọ ẹnu ẹ́ńjìnnì, àpò, àkísà, tọ́ọ̀ṣì, gbọ́dọ̀ wà lórí pátákó pẹ̀lú iye rẹ̀, ẹni tó kó o wọlé ni yóò sì pa á rẹ́. Ní 2015, ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tó padà sókè, Vulcan náà dúró pátápátá, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ní àwọn kò ní lè bá a lọ mọ́.

Ẹ ó gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà gbé B-52 kan, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ńlá tó ń jẹ́ Ghost Rider, kúrò ní Davis-Monthan, ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ òfurufú tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ sí ní Arizona, ní 2015, ó sì ti wà níbẹ̀ láti 2008. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni ibẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, àwọn tó gbé e síbẹ̀ pèsè rẹ̀ fún ìjókòó, àwọn tó sì ń tọ́jú B-52 lójoojúmọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Tiwa jókòó síbi tí òjò ń rọ̀ lé e lórí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kí ẹ tó béèrè iye ọdún tí ọkọ̀ ti dúró ni irú ibi tó dúró sí.

Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni bàbá kan tó ti fi ọdún 26 tọ́jú L-39 nínú iṣẹ́ ológun. Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ kan ló mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó wá, kò mú irinṣẹ́ kankan dání, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó fa wáyà kan jáde. Èèpo rẹ̀ fọ́ sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Mo ti kọjá níbẹ̀ lọ́nà bí ogójì. "Ẹ má wulẹ̀ wo èyí tí ojú ń rí," ó ní, "èyí tó wà nítòsí ooru ni kí ẹ wò." Mo ní, "Bàbá, ibo ló tún kù?" Ó jókòó, ó ní kí n mú ìwé. Ojú ewé mẹ́fà ni mo kọ. Ẹsẹ̀ iwájú wà nínú rẹ̀. A da àwọ̀ pupa tó ń wọ inú ìlà sísán sí i, a nù ún, a fín ẹ̀fun funfun lé e, ìlà pupa kan sì yọ jáde tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Ojú lásán kò lè rí i láéláé. Bí ẹ bá mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ wá a lọ kí ẹ tó ra sípánà kan ṣoṣo.

Ó ku àga. Àga jẹ́ẹ̀tì ogun ń ta èèyàn síta ni, ẹ̀tù ló sì ń tà á. Ti L-39 wa, VS-1, lè gba ẹ̀mí là láti ilẹ̀ pàápàá, bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tó kìlómítà 150 láàárín wákàtí kan. Ẹ̀tù yẹn ní ọjọ́ tó ń parí, bíi oògùn. Tiwa ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ọdún méje. Àwọn kan ń rò pé ẹ̀tù tó ti gbó ti kú. Kò kú. Ohun tí kò dájú mọ́ ni bóyá yóò jó nígbà tí a bá fẹ́, àti bóyá kò ní jó nígbà tí a kò fẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún 16, gun òkè láti ya fọ́tò. Mo gbójú sókè, ó ti jókòó sínú àga iwájú. Píìnì tó ń ti àga pa, pẹ̀lú aṣọ pupa tó máa ń fì lára rẹ̀, wà lórí tábìlì níwájú mi. Èmi ni mo kó wọn wá láti nù. Mo rọra sọ fún un pé, "Gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Má mira." Ó ní, "Ṣé mo ṣe nǹkan ni, sà?" N kò dáhùn. Mo gun àkàbà, mo ki píìnì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé lẹ́ẹ̀mejì ni mo tàsé ihò. Ní 2011, àga ta páílọ́ọ̀tì kan jáde nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sójú kan ní Scampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹgbẹ́ Red Arrows ni, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi jẹ́ẹ̀tì dá àrà. Páráṣúùtì rẹ̀ kò ṣí, ó sì kú. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ dáadáa ni. Ọmọ wa kò mọ ohun tí aṣọ pupa náà wà fún.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń gun ọkọ̀ wa àfi tí èèyàn méjì bá ti ka píìnì sókè ketekete.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa: ká yọ ẹ̀tù kúrò pátápátá ni, àbí ká ra tuntun? Yíyọ rẹ̀ kò wọ́nwó. Páílọ́ọ̀tì wa ní bí a bá yọ ọ́, kí á wá ẹlòmíràn tí yóò wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan láìní ọ̀nà àbáyọ. Oṣù méje la fi dúró de tuntun. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà méjèèjì ló ní àwíjàre, bí èèyàn bá ṣe é dópin. Èyí tí kò ní àwíjàre ni kí á fi ẹ̀tù tó ti kọjá ọjọ́ sílẹ̀ kí á máa fò. Nígbà tí Hunter kan, jẹ́ẹ̀tì ogun àtijọ́ tó ń dá àrà níbi ìran, já lé ojú títì ní Shoreham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, tí èèyàn 11 kú nílẹ̀, àwọn olùwádìí sọ pé ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ jù, eré rẹ̀ sì kéré jù fún àrà tó fẹ́ dá. Àmọ́ wọ́n tún bá ẹ̀tù àga tó ti kọjá ọjọ́ nínú àwókù rẹ̀, àwọn tó sáré wá gba ẹ̀mí là ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa àwọn wọ̀nyẹn.

Ìfò àkọ́kọ́ kò gùn. Ìṣẹ́jú 17, a kò ká ẹsẹ̀ sókè rárá. Páílọ́ọ̀tì wa ti lọ kọ́ L-39 lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń wa ọkọ̀ òfurufú fún ọdún 22. Ẹ́ńjìnnì yẹn ń fẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó kúrò níbi tó ti ń rọra dún dé agbára rẹ̀ kíkún. Bí ọkọ̀ bá ti rẹlẹ̀ jù lẹ́nu ìbalẹ̀ kí o tó rántí, ilẹ̀ ti dé. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, n kò pariwo bíi ti ọjọ́ kìíní. Mo lọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo bá ẹ̀kán omi pupa kan lára ẹsẹ̀ òsì, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó pè mí kẹ́yìn fi fọ́tò 39 ránṣẹ́. Ara ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó kùn, ó ń dán. Mo ní kó fi ti ìwé ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ojú ewé méjì dé. Mo ní kó lọ ṣí pánẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù epo, kó ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún mi. Ó pè mí láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ó ní ẹni tó ń tà á kò jẹ́ kí òun ṣí i, àti pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó lọ́la, kí ni kí òun ṣe.

Mo ní kó máa bọ̀ nílé.